Kòkòrò: ọmọ ọba Ọ̀wọ̀ tó fi ìlù jẹun nígboro Èkó

Ẹ bi àwọn òbí yín tó ti ń gbé Èkó tipẹ́ pé ta ni Kòkòrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á rẹ́rìn-ín ná kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n á ní ọkùnrin tí kò ríran ni, tó máa ń mú tanboríìnì lọ́wọ́, ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo létí yẹn, tó ń kọrin láti àdúgbò kan dé òmíì. Benjamin Adéróunmú lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọba Ọ̀wọ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó òde òní. 1925 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009.

Mi ò fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tí wọ́n máa ń fi gún ọ̀lẹ ní kẹ́sẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá. Ẹni tí àìsàn dédé gba ojú ẹ̀, níbo ló ti ń rí owó oúnjẹ lọ́jọ́ kejì?

Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 10 lọ tí ojú náà fi lọ. Ẹ ronú sí i: ọmọ tó mọ àwọ̀ ewé, tó mọ ojú ìyá ẹ̀, ló bọ́ sínú òkùnkùn. Láyé ìgbà yẹn, ṣọ̀pọ̀ná ṣì ń jà nílẹ̀ Yorùbá. Bí kò bá pa ọmọ, ó lè gba ojú ẹ̀ lọ. Ó di 1970 kí Nàìjíríà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Iléèwé ńkọ́? Iléèwé àwọn afọ́jú tó wà ní Gindiri, lápá Jos, 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Pacelli tó wà ní Sùúrùlérè, 1962. Nígbà tí Pacelli fi máa ṣílẹ̀kùn, Kòkòrò ti di ẹni ọdún 37, ó sì ti ń kọrin nígboro Èkó fún ọdún 15.

Àwọn kan á ní ṣebí ọmọ ọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọmọ ọba pọ̀ ju adé lọ, ẹ̀jẹ̀ ọba kì í sì í ṣe owó oṣù. Nínú agbo ilé ńlá, afọ́jú kì í sábà fi ebi sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fún un ló máa jẹ, ìgbà tí wọ́n bá sì rántí rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Kòkòrò ò jókòó síbẹ̀. Ní 1947, nígbà tó wà ní nǹkan bí ẹni ọdún 22, ó forí lé Èkó. Èmi ò pe ìyẹn ní ìgboyà nìkan o. Ìṣirò owó wà níbẹ̀: olórin tó ń kiri nílò èrò, Èkó ló sì ní èrò jù.

Ohùn rẹ̀ àti ìlù yẹn ni gbogbo ọjà tó ní. Ó ń kọrin ìfẹ́, ó ń kọrin owó, ó ń kọrin ìjà àti wàhálà ìgboro. Ẹni tó bá dúró gbọ́ á sọ owó. Nínú èdè wa, alágbe là ń pe ẹni tó ń tọrọ bárà, alágbe náà la sì ń pe olórin tó ń kiri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ méjì! Mo rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro irú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sanwó rò pé àánú lòun ṣe, nígbà tí ẹni tó ń gbà á ti ṣiṣẹ́ fún un tán.

Owó náà fúnra rẹ̀ tún ní ìtàn. Láyé pọ́n-ùn àti ṣílè, ẹni tí kò ríran lè fọwọ́ mọ owó. Kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, eépìnnì náà ní ihò, ó kéré sí kọ́bọ̀ ni. Náírà dé ní January 1973, nígbà tó sì yá, ọ̀wọ́n gógó ọjà lé owó onírin kúrò nígboro, ó ku bébà. Afọ́jú tí wọ́n bá fi bébà lé lọ́wọ́, ojú ẹlòmíì ló máa fi kà á. Kòkòrò ṣe àsìkò méjèèjì. Ká ní ó wà láyé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí gbogbo wa ń fi fóònù ránṣẹ́ owó ní tiwa, kí ni wọn ì bá jù sí i?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan wé e, kí ẹ lè rí ibi tí mò ń lọ. Akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ John Milton. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá ní 1652. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òun ló ń bójú tó lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Wọn ò lé e. Wọ́n ń san owó fún un lọ, wọ́n tún fún un ní olùrànlọ́wọ́. Ìgbà tí ọba padà sórí ìtẹ́ ní 1660 ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí owó tó fi pa mọ́ náà sì run. Ní 1667, pọ́n-ùn márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un lórí Paradise Lost, ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ dòní. Kò rí ojú rẹ̀ gbà padà, àmọ́ fún bí ọdún mẹ́jọ, àìríran ò sọ ọ́ di aláìnílé. Owó oṣù ló ṣe ìyẹn fún un, kì í ṣe ìṣírí. Kòkòrò ò ní nǹkan tó jọ ọ́ rí. Ọjọ́ tí òtútù bá mú un, tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, owó ò wọlé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Òkìkí wá ṣá. Ní 1960, Cyprian Ekwensi gbé ìwé kan jáde, The Drummer Boy, nípa ọmọdékùnrin kan tí kò ríran, Akin lorúkọ ẹ̀, tó ń lu tanboríìnì kiri ìgboro. Kòkòrò ni wọ́n mọ̀ pé ó ti rí Akin. Àwọn ọmọ iléèwé kà á, olùkọ́ ṣàlàyé ẹ̀, àwọn kan á sì ti ṣèdánwò lórí ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n wò kọ ọ́ ṣì wà ní títì, ó ń ṣe orin lọ. Kí àwọn èèyàn mọ orúkọ ẹni yàtọ̀ sí kí owó wọlé, ẹ̀yin tí ẹ ń lé àwọn tó ń wo fídíò yín lórí TikTok mọ èyí jù mí lọ.

Àwa tá à ń gbé apá Ọ̀jọ́, a ò nílò kí wọ́n ṣe àlàyé púpọ̀ fún wa. Bó o bá wọ mọ́tò láti Ajangbadi tàbí Okokomaiko lọ sí Mile 2, o ti rí bàbá tí ọmọ kékeré fi igi fà lọ́wọ́, tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò. Ọmọ tó ń fà á yẹn, ó yẹ kó wà ní iléèwé. A máa ń rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Irọ́ ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 lórí àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún fi hàn pé nínú 100 afọ́jú, nǹkan bí 84 ni ojú wọn ì bá má fọ́ tàbí tó ṣeé wò. Ojú tó ń bo ló pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ló sì máa ń wo ìyẹn. Nínú àwọn tó kù ni irú èyí tó ń ti inú ojú ba iṣan rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ wà, tí ẹni tó ní in ò ní mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Ẹni náà lè ti máa ta fóònù ní Alaba, ó lè ti máa wa kẹ̀kẹ́ ní Iyana-Iba. Ó ní iṣẹ́ lánàá.

Ká tó gbé e lórí Kòkòrò pé ó gbìyànjú, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé ta ló yẹ kó ti bá a gbìyànjú. Ní tèmi, mo rò pé orin tó kọ fún ọdún tó lé ní 50 yẹn, iṣẹ́ tó yẹ kó ní owó ìfẹ̀yìntì ni. Èkó gbádùn rẹ̀, Èkó sọ kọ́bọ̀ fún un, Èkó kọjá lọ.

Oṣù kẹfà ọdún 2011 ni Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lu òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún wọn, LASODA. Kòkòrò ti lé ní ọdún méjì nínú ilẹ̀. Òfin ti ìjọba àpapọ̀, tó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa fi àyè márùn-ún nínú 100 sílẹ̀ fún wọn, dé ní January 2019. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn tó kú nìyẹn, inú oṣù kan náà.