Ìtàn Ìgbésí-Ayé Afala, tí a sọ ní Hannah, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ, orúkọ àwọn ọkùnrin ni ó máa ń pọ̀ jù: àwọn tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó mọ ògiri, àwọn àlùfáà tí ó wá sìn, tí wọ́n sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà ni ó ń gbá ilé Ọlọ́run, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n sì ń fa ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ wá sí ìsìn òwúrọ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ojú-ewé yìí fún ìyá kan tí ọpẹ́ rẹ̀ kan gbogbo ìjọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wọn kò sì bèèrè ohun mìíràn nípa rẹ̀.

Afala ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, nínú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni ó ti ṣe abiyamọ. Ìtàn ìdílé náà sọ pé ó tan mọ́ Aláàfin Abíọ́dún. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀. Láàrin ọdún 1806 sí 1809 ni ó bí ọmọkùnrin kan tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé, tí a sì tipa bẹ́ẹ̀ pè ní Àjàyí. Ìyá àgbà kan wà pẹ̀lú, tí ó máa ń fi àwọn orúkọ ìkẹ́ pe ọmọ náà. Kí òǹkàwé fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, oúnjẹ òwúrọ̀ ṣì wà lórí iná nígbà tí ariwo ta pé ogun dé. Àwọn Fúlàní wà nínú ogun náà, ṣùgbọ́n kí a má fi bò, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Baba ilé sáré wọlé, ó fi àmì fún wọn kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Bí ọmọ rẹ̀ kò ṣe rí i mọ́ nìyẹn. Afala gba inú igbó lọ, òun pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, ọmọbìnrin kan, àti Àjàyí. Igbó kò gbà wọ́n. A so okùn mọ́ wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí à ń dà lọ sí ọjà, a sì ti iná bọ ìlú.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn. Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ bọ́ sí ìpín olóyè kan. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó ṣe, ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, a dá a padà, a sì dá ọmọ náà padà sí Ìsẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Afala tún rí ọmọ rẹ̀ fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ní kí ọmọ náà bá ọkùnrin kan lọ gba owó wá. Ẹ̀wọ̀n ni ó bá níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, a mú un lọ sí ọjà mìíràn. Ìyá kò rí i kí ó dágbére fún un.

Ìrìn-àjò ọmọ náà ti di ohun tí a ń kọ́ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: Èkó, ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ ní oṣù Ẹ́pírì ọdún 1822, Sàró, ìsàmì ní ọdún 1825, oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni bí ìyá ti lo ọdún 25 wọ̀nyẹn. Ó ṣe ẹrú. A rà á padà, a sì tún jí i gbé, ó tún di ẹrú, kí ó tó tún bọ́. Ìyá àgbà tí ó ń pe Àjàyí ní orúkọ ìkẹ́ kú sí oko ẹrú. A ti gbọ́ ìwàásù kan rí tí ó fẹ́ kí a máa dúpẹ́ nítorí ìparun Òṣoògùn, nígbà tí ó jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ni ó ti inú rẹ̀ jáde. Ní tiwa, a kò lè bá wọn ṣe àmín sí i. Ìyá àgbà yẹn kò rí bíṣọ́ọ̀bù kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò padà sí ilé.

Ní oṣù Jánúárì ọdún 1845 ni Àlùfáà Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí. Oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1846 ni ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá. Kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kan Afala lára, ní ibi tí ó ń gbé, tí kò jìnnà sí ìlú náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, òun àti arákùnrin Àjàyí wá a wá. Ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹni tí ó sọnù. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó wọ aṣọ àlùfáà, ni ó dúró níwájú rẹ̀. Jìnnìjìnnì bò ó. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ti rù. Nígbà tí ohùn rẹ̀ yóò jáde, àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà olóògbé máa ń pè ni ó fi pe ọmọ rẹ̀. Crowther tìkára rẹ̀ ni ó kọ èyí sílẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé ẹsẹ Bíbélì tí a yàn fún ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run tí ń ran ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́.

Láìpẹ́, Afala mọ̀ pé òun ní ìyàwó ọmọ, Súsánà, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí ní Sàró. Ó ń bá wọn gbé, ó sì ń gbọ́ Ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a bí sínú òrìṣà, tí ewú ti bo orí rẹ̀, ni ó wá jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́. Nínú àṣà wa, àgbà ni í kọ́ ọmọ. Ìtìjú díẹ̀ kọ́ ni kí ìyá máa gba ẹ̀kọ́ láti ẹnu ẹni tí òun pọ̀n. Afala gbà á. Ní ọjọ́ 5 oṣù Fébúárì ọdún 1848, ọmọ rẹ̀ ṣe ìsàmì fún un pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn, àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta, ó sì gba orúkọ Hannah, nítorí pé ìyá Sámúẹ́lì ni. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyèsí. Hánà ti inú Ìwé Mímọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ sí Ṣílò. A já ti Afala gbà ni.

Lẹ́yìn èyí, Èkó ni ilé wọn. Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù ọdún 1864, iṣẹ́ Odò Ọya sì ń gbé e kúrò nílé fún oṣù púpọ̀. Afala wà láàyè láti rí ìdílé tí ogun rò pé òun ti parẹ́ bí ó ti ń gbilẹ̀: Dandeson, ọmọ-ọmọ rẹ̀, gba oyè àlùfáà ní ọdún 1870, ó sì di Áṣídíákónì, Abigail fẹ́ Àlùfáà T. B. Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859, wọ́n sì bí Herbert Macaulay ní ọdún 1864.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Nígbà tí Crowther ń tú Ìwé Mímọ́ sí èdè wa, ó jókòó ti àwọn àgbà, ó ṣa òwe jọ, àwọn ẹlòmíràn sì bá a ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ fi èdè náà sí i lẹ́nu? Ní ọdún 1851, nígbà tí ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá níwájú Ọbabìnrin Victoria, èdè tí ó gbọ́ nídìí ààrò Afala ní Òṣoògùn ni. Àwa tí a ń ka ẹ̀kọ́ kìíní àti ẹ̀kọ́ kejì ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá náà ní ìpín nínú ohun tí a ń kà.

Súsánà kú ní ọdún 1880, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ṣì wà láyé. Ní ọdún 1883 ni Hannah Afala sùn nínú Olúwa ní Èkó, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ rẹ̀ náà ti di arúgbó nígbà náà. Ó tún lo ọdún mẹ́jọ sí i lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì kú ní ìlú Èkó kan náà ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891.