Hannah Àfàlá, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Nínú àwọn ìyá tí ó ti sùn nínú Olúwa ní ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni ọmọ wọn lókìkí tó ọmọ Àfàlá, èyíinì ni Samuel Àjàyí Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn dúdú ní Ìjọ Áńgílíkà. Òkìkí ọmọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo ìyá mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí ìwé ìrántí yìí fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá náà fúnra rẹ̀.

Ìlú Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni Àfàlá ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Òrìṣà àwọn baba ni wọ́n ń bọ nínú ilé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ dé bá ìlú. Baálé ilé sáré wọlé láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Láti ìgbà náà wọn kò tún fi ojú kàn án mọ́. Àfàlá gbé ọmọ-ọwọ́ rẹ̀, ọmọ bí oṣù mẹ́wàá, ó sì kó àwọn yòókù sá lọ sínú igbó. Ọwọ́ àwọn ọ̀tá tẹ̀ wọ́n níbẹ̀. A fi okùn sí wọn lọ́rùn, a sì dà wọ́n lọ bí ẹran ọ̀sìn.

Ní Ìsẹ́yìn ni a gbé pín ìdílé náà bí ìkógun. Àjàyí bọ́ sí ọwọ́ olóyè kan, ẹni tí ó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún rí ara wọn fún ìwọ̀n oṣù díẹ̀ ní ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n a tún mú ọmọ náà kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá a títí, kò rí i. Báwo ni ì bá sì ti rí i? Ó ti di ẹrù ọkọ̀ àwọn Potogí, èyí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun ní April 7, 1822. A gbé e dé Sàró, ó kàwé, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, a sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹni tí ó sọnù ni ó jẹ́ ní ọkàn ìyá rẹ̀.

Ní January 1845 ni Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, kú ní àkókò náà gan-an, ọ̀nà sì dí mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ fún bí ọdún kan ààbọ̀. Kì í ṣe kí wọ́n lè wá ẹbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbàdúrà pé kí ọ̀nà là. Ní 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Abàká, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ni Àfàlá ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ní August 21 ni òun àti arákùnrin Àjàyí kan wá a wá. Nígbà tí ìyá rí ọmọ, ara rẹ̀ gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé nìkan ni ó ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà tí ìyà ti fà gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà ń pè é ní kékeré pè é. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Bàbá kò sì sí mọ́. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò pé, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ó pé.

Báyìí ni Àfàlá di ìyá nínú agbo-ilé tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Susan Asano, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jẹ́ ẹrú tí a dá sílẹ̀, tí a sì tọ́ ní Sàró. Kò sí ẹni tí ó bá Àfàlá tọrọ rẹ̀, kò sì sí àna tí ó mọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ kan ti Abàká wá, àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ Sàró, tí wọ́n gbọ́ èdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ti gbé irú agbo-ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ìfẹ́ níbẹ̀ a máa gba sùúrù.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé lójú ẹsẹ̀ ni ó gba ìgbàgbọ́ nítorí ọmọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ìpàdé wọn títí di ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ pé ọdún kan ààbọ̀. Obìnrin tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bọ òrìṣà ìdílé, kì í fi ìwà àtijọ́ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ. Ní February 5, 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n jẹ́ àkọ́so Ìjọ ní Abẹ́òkúta. Hannah ni a sọ ọ́, bí ìyá Samuel ti inú Bíbélì. Hannah ti ìṣáájú fi ọmọ rẹ̀ fún Olúwa pẹ̀lú ìfẹ́ inú rẹ̀. Ti Òṣogùn yìí, a já tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ọdún márùndínlógójì ni ó sì tún lò gẹ́gẹ́ bí Kristẹni. Ó wà láàyè nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ sí odò Ọya ní 1854 àti ní 1857, àti nígbà tí a yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní June 29, 1864. Ní ọdún kan náà ni Abigail, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí Herbert Macaulay. Susan, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1880. Ní Èkó ni Hannah Àfàlá sùn, ní October 1883, nígbà tí ó tó ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọmọ tí ó sọnù náà, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ni ó ṣẹ́kù láti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.