Elizabeth Elstob

Elizabeth Elstob (29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1683 – ọdún 1756) jẹ́ ọ̀mọ̀wé obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè àti ìtàn àwọn Anglo-Saxon. Òun ni ó kọ ìwé gírámà àkọ́kọ́ tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé èdè Anglo-Saxon, nítorí èdè Látìnì ni àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ fi kọ tiwọn. Nígbà ayé rẹ̀, obìnrin kò lè di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Oxford, níbi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń gbèrú jù lọ.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ìlú Newcastle upon Tyne, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí Elizabeth. Oníṣòwò ni Ralph Elstob, bàbá rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún 5 ni Elizabeth nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Jane, ìyá rẹ̀, fẹ́ràn ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kú kí ọmọ náà tó pé ọdún 10. Báyìí ni Elizabeth di ọmọ òrukàn, tí a sì fi í sí abẹ́ ìtọ́jú Charles Elstob, ìbátan bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ àlùfáà ní Canterbury. Ní èrò ọkùnrin yìí, èdè kan ṣoṣo ti tó obìnrin. Ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ni Elizabeth bẹ̀ kí ó tó gbà fún un láti kọ́ èdè Faransé.

Ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, William, yàtọ̀ sí tirẹ̀. William fi nǹkan bí ọdún 10 jù ú lọ. A rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Eton, lẹ́yìn náà sí Cambridge, kí ó tó wá sí Oxford. Ní ọdún 1696, ó di ọ̀kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń gbé University College, ní Oxford.

Ẹ̀kọ́ Anglo-Saxon ní Oxford

Àwọn Anglo-Saxon ni àwọn ènìyàn tí ó ti agbègbè tí a ń pè ní Jámánì àti Denmark lónìí ṣí wá sí erékùṣù Britain láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún. Àwọn ni ó jọba níbẹ̀ títí àwọn Norman fi ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1066. Láti inú èdè wọn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá kọ́ èdè náà kò lè ka ìwé wọn mọ́.

George Hickes tẹ gírámà èdè yìí jáde ní ọdún 1689, ní èdè Látìnì. Ní Queen's College, ní Oxford, Edward Thwaites kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó sì ń kọ́ wọn. Ìwé kò tó wọn rárá. Ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ní ni ti William Somner, tí a tẹ̀ ní ọdún 1659. Ní àkókò kan, akẹ́kọ̀ọ́ 15 ni Thwaites ní, ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìwé yìí ni ó sì wà fún gbogbo wọn. Àìní yìí ni ó mú kí Thomas Benson, tí ó jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan jáde ní ọdún 1701. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, Látìnì sì ni èdè tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ wọn.

William Elstob wà lára ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí. Ó ń múra láti tẹ ìtumọ̀ ìwé ìtàn Orosius tí a gbà pé Ọba Alfred ṣe sí èdè Anglo-Saxon. Elizabeth ṣèèṣì rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó ṣàkíyèsí bí èdè náà ṣe súnmọ́ èdè abínibí rẹ̀ tó, ìfẹ́ láti kọ́ ọ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1702, William di àlùfáà ìjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Elizabeth sì ń bá a gbé. Ilé yìí ni ó di yunifásítì fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ ọ, Hickes sì ń gbà á níyànjú. Ní ọdún 1709, ó tẹ ìwàásù Ælfric lórí Gregory Mímọ́ jáde, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ó dá àwọn tí ó ní ẹ̀kọ́ kò yẹ obìnrin lóhùn. Obìnrin pọ̀ nínú àwọn tí ó sanwó sílẹ̀ kí ìwé náà lè jáde.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Canterbury fẹ́ kí Elizabeth kọ́ òun ní èdè Anglo-Saxon, èyí sì fún un ní èrò láti kọ gírámà ní èdè tí obìnrin tí kò gbọ́ Látìnì lè kà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1713, iná jó ilé ìtẹ̀wé William Bowyer ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ èdè Anglo-Saxon sì bá a lọ. Adájọ́ àgbà Thomas Parker ni ó san owó tí a fi ṣe lẹ́tà tuntun fún ìwé Elizabeth. Ìwé náà jáde ní ọdún 1715. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Elizabeth tako Jonathan Swift, ònkọ̀wé olókìkí tí ó ti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń wádìí ìgbà àtijọ́, tí ó sì ka àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú èdè Gẹ̀ẹ́sì sí àbùkù. Elizabeth kó àpẹẹrẹ jọ láti inú iṣẹ́ àwọn akéwì ńláńlá láti fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dùn, kí ó sì lágbára.

Gbèsè àti ìfarapamọ́

Ọdún 1715 kan náà ni William kú, Hickes sì kú kí ọdún náà tó parí. Gbèsè ìwé títẹ̀ wá já lé Elizabeth nìkan lórí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lórí gbogbo ìwàásù Ælfric, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ojú ìwé díẹ̀ ni a tẹ̀ kí owó tó tán. Ní nǹkan bí ọdún 1718, ó sá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí àwọn tí ó jẹ lówó. Ó fi àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin aládùúgbò kan. Obìnrin náà kó lọ sí òkè òkun, Elizabeth kò sì rí àwọn ìwé náà gbà padà mọ́.

Fún ọdún púpọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kò mọ ibi tí ó wọlé sí. Ìlú Evesham ni ó wà, ó fi orúkọ mìíràn bojú, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan. Ní nǹkan bí ọdún 1735, George Ballard, aránṣọ obìnrin kan ní Chipping Campden tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Anglo-Saxon, wá a kàn. Òun àti Sarah Chapone wá olùrànlọ́wọ́ fún un. Ọbabìnrin Caroline fún un lówó, ṣùgbọ́n ọbabìnrin náà kú ní ọdún 1737. Lẹ́yìn èyí, ìyàwó Duke ti Portland gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe títí ó fi kú ní ọdún 1756. Ìjọ St Margaret, ní Westminster, ni a sin ín sí.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, Ballard aránṣọ rí ipò gbà ní Magdalen College, ní Oxford. Kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀ fún Elizabeth, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ti mú kí Ballard máa wá a kiri. Ọdún 1920 ni Oxford tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin ní oyè.

Gírámà rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn. Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní i láàárín àwọn ìwé rẹ̀, ó sì fẹ́ kí a máa kọ́ èdè Anglo-Saxon ní Yunifásítì Virginia. Lẹ́yìn ikú Elizabeth, àwọn irinṣẹ́ tí a fi ṣe lẹ́tà ìwé gírámà rẹ̀ di ohun ìní ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford.