Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà: Ìyá Ẹlẹ́ja Tí Kò Kàwé, Tó Mọ Ìṣirò Ọjà

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan lórí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a fẹ́ pín ẹ̀yáwó kẹ́yìn. Ẹ rántí. Akápò béèrè lọ́wọ́ kálukú pé, ẹ̀yin ìyá, èló ni èrè yín lóṣù? A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa. Elòmíì dáhùn pẹ̀lú iye tó ń tà, elòmíì ní Ọlọ́run ló mọ̀. Èmi akọ̀wé yín náà, kí n má parọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ta gàrí àti ẹ̀wà ní Ìkòtún yìí tí n ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá kàn kọ ọ́ síbí pé ẹ máa kọ ọjà yín sílẹ̀, ẹ máa ṣí i kọjá lọ síbi fọ́tò ni. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ìtàn ìyá kan fún yín.

Ọmọ Èkó ni Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, Mùsùlùmí sì ni. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà, ìdí àtẹ ẹja náà ni òun gan-an dàgbà sí. Kò lọ sílé ìwé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1900, orúkọ rẹ̀ ti ń dún láàárín àwọn ọlọ́jà. Ní ọdún 1910, Ọba Eṣugbayi Ẹlẹ́kọ fi í joyè. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ọjà Eréko lórí Erékùṣù Èkó fi í ṣe alága wọn, láti ibẹ̀ ló sì ti di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó. Ní 1932 wọ́n mú un wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú tó ń gba ọba nímọ̀ràn. Ẹ wò ó dáadáa: ìyá ẹlẹ́ja ni o, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B.

Ẹni tó mọ ìwé kò wọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ṣá. Òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ gbágbáágbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà. Tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba, wọ́n á rí ẹni bá wọn kọ lẹ́tà, wọ́n á tẹ àtàǹpàkò sí i. Lẹ́tà wọn kì í sì í ṣe ti ẹkún lásán.

Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko kúrò níbi tó wà lọ sí Olúwọlé. Àwọn obìnrin ní àwọn ò lọ. Wọ́n mú Pẹlẹwúrà àti àwọn mìíràn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Àwọn ìyálọ́jà tú jáde, ariwo ta, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọjà ò kúrò. Àwa tí wọ́n ti lé láti ìdí ọ̀nà kan dé ìdí ọ̀nà kejì mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí o: ọ̀rọ̀ owó orí. Ní 1932, ìròyìn kan gba ọjà kan pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó. Àwọn obìnrin lọ bá aláṣẹ ìlú, ó sì fi dá wọn lójú pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ kò pé kọjá, òfin dé. Ní 1940 wọ́n ní obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ti ju £50 lọ lọ́dún, kó wá san owó orí. Ẹ bá mi pín £50 sí ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta. Kò tó pọ́ùn kan lọ́sẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹja tàbí aṣọ lè rí ju pọ́ùn kan lọ lórí àtẹ lójúmọ́, kó sì jẹ́ pé owó olówó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ẹni tó ń ṣírò owó orí bá dé sọ́ọ̀bù rẹ, tó rí igbá owó rẹ, kí lo máa fi hàn án pé gbogbo rẹ̀ kì í ṣe èrè?

Oṣù Kejìlá ọdún náà, Pẹlẹwúrà kó wọn jáde. Wọ́n ti ọjà, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí lélẹ̀, wọ́n tún péjọ sí Glover Hall. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ogun ti ba ọjà jẹ́, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbọ́ bùkátà ọkọ tí kò níṣẹ́ àti ti ọmọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé e kúrò ní £50, ó sọ ọ́ di £200. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́ùn mẹ́rin lọ́sẹ̀, àwọn tó lè pa á kò pọ̀ lọ́jà nígbà náà. Pẹlẹwúrà fúnra rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n fagi lé e pátápátá ni, ṣùgbọ́n ó gba èyí tó rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, akọ̀wé, tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn agbowó-orí á rí i, wọ́n á fi mú wa. Èmi náà bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún kan, àwọn kan wá sí sọ́ọ̀bù mi, wọ́n wo àpò gàrí tó tò jọ, wọ́n kọ iye tó wù wọ́n fún mi. Mo ní ìdajì àpò wọ̀nyẹn, àwìn ni mo gbà á. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí dà? N ò ní kankan. Mo sanwó náà. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé tí èmi ò bá kọ ti ara mi, elòmíì á bá mi kọ ọ́, á sì kọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ogun Hitler ń gbóná lọ, oúnjẹ wọ́n ní Èkó. Láti 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye lé oúnjẹ, gàrí pàápàá, ó sì fi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen sídìí rẹ̀. Pullen dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní iye báyìí ni kí gbogbo ayé máa tà á. Ẹni tó bá tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọlọ́pàá ni. Àwọn obìnrin ní iye tí òyìnbó fi lé e kò gbé owó ọkọ̀ àti ìnáwó ọ̀nà sórí. Gàrí ń ti oko wá, kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Èkó.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ní owó tiwa. Ká ní o ra àpò gàrí kan ní ₦40,000. Owó ọkọ̀ ₦2,500. Alábàárù ₦500. Ọ̀rá àti owó ọjà ₦500. Gàrí yẹn ti di ₦43,500 kó tó kan ilẹ̀ sọ́ọ̀bù rẹ. Tí o bá tà á tán tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦47,000, ₦3,500 ni èrè rẹ. Ọ̀pọ̀ wa á ní ₦7,000 ni, a ó sì ná a bí ₦7,000. Láàárín oṣù mélòó kan ojú owó á ti wọlẹ̀, a ó máa wá ẹni tó ṣe wá. Kọ́ńgò méjì tí o bù lọ sílé fún àwọn ọmọ ńkọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé o tà á fún ara rẹ.

Pẹlẹwúrà mọ ìṣirò yìí sínú orí. Pullen rí i pé òun ò lè kápá ọjà láìsí ìyá yìí, ó fi owó oṣù lọ̀ ọ́ pé kó bá ìjọba ṣe é. Ìyá kọ̀. Ó ní òun ò ní bá wọn fi ebi pa ilẹ̀ tí wọ́n bí òun sí. Wọ́n ń fà á títí di 1945 tí ogun parí tí wọ́n sì mú ọwọ́ kúrò lórí iye oúnjẹ. Ọdún 1945 yẹn kan náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà tí owó oṣù ò wọlé, àwọn obìnrin ọjà ò gbówó lé oúnjẹ kí ìyanṣẹ́lódì náà má baà fọ́. Èmi ò mọ̀ bóyá àwa tòde òní á lè ṣe é.

Ìyá kú ní 1951. Èrò tó sin ín pọ̀ débi pé Èkó kò gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Kò fi ìwé kankan sílẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ wá láti inú ìwé tí àwọn ẹlòmíì kọ. Ó máa ń dùn mí. Mi ò mọ èló ló ń ra ẹja, mi ò mọ èló ló ń tà á.

Ó ku bí a ṣe ń kọ ọ́, kò le. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, fa ìlà sí àárín. Lójoojúmọ́ kọ déètì, lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì. Gbogbo nǹkan ló ní ojú méjì: ibi tó ti wá àti ibi tó lọ. Tí oníbàárà bá gba ẹ̀wà ₦6,000 láwìn, ẹ̀wà jáde, gbèsè ₦6,000 ló wọlé dípò rẹ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé tirẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Ọjọ́ tó bá san ₦4,000, gbèsè dín kù, owó wọlé, ó ku ₦2,000. Má kọ owó àjọ mọ́ èrè o, ìpamọ́ ni. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ náà kì í ṣe èrè, bó tilẹ̀ ń dùn lápò. Ẹni tí kò lè kọ, kó pe ọmọ rẹ̀ lálẹ́ kó máa bá a kọ ọ́, ìyá á máa pè é, ọmọ á máa kọ ọ́.

Akápò ti ra ìwé sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ó ti fa ìlà sí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ ni kí ẹ wá gba tiyín, kí ẹ sì mú bíírò dání, torí bíírò ò sí nínú owó tí wọ́n fún wa.