Àdùnní Olórìṣà: Obìnrin tó bá àwọn alágbára du igbó Ọ̀ṣun

Kò sí bí wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀ igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo tí wọn kò ní dárúkọ Susanne Wenger, ẹni tí tọmọdé tàgbà ìlú náà mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, ọdún 1915. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ níbẹ̀ àti ní Vienna, ta ni yóò sì rò ó nígbà náà pé ilẹ̀ Yorùbá ni yóò gbó sí?

Ọdún 1950 ló tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà, nígbà tí ọkùnrin náà ríṣẹ́ sí yunifásítì Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ikọ́ ife fi dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá ló lọ sí Ẹdẹ, níbi tó ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni Àdùnní ti kọ́ ẹ̀sìn òrìṣà títí wọ́n fi gbà á sínú awo. Òun àti Beier pínyà, ó sì fẹ́ onílù kan, Ayánṣọlá Oníru Alárápé, ní ọdún 1959. Òṣogbo ló wá fìdí kalẹ̀ sí.

Igbó Ọ̀ṣun tó bá níbẹ̀ ti ń kú lọ. Èèwọ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi, má ṣe dẹ̀gbẹ́, má sì ṣe pẹja níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ba aráyé lẹ́rù mọ́. Ojúbọ ń wó, wọ́n ń jí ère òrìṣà tà fún àwọn oníṣòwò. Ìjọba pàápàá gba apá kan igbó náà fún ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n gé igi ibẹ̀ lulẹ̀, wọ́n sì gbin ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi ilẹ̀ ṣòwò ti ń wo ibẹ̀ lójú kòkòrò.

Àtáọ́ja fún Àdùnní lọ́wọ́, òun náà sì kó àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére bí Adébísí Àkànjí, Buraimoh Gbadamosi àti Kasali Akangbe jọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá jinlẹ̀. Ère igi kékeré ṣeé jí gbé, nítorí náà, sìmẹ́ǹtì, irin àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ ère ràbàtà tí kò ṣeé gbé, tí ìrísí rẹ̀ sì ń lé olè àti ọdẹ sẹ́yìn. Àwọn kan bínú pé ère wọ̀nyí kò jọ ti àwọn baba ńlá wa. Bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣiṣẹ́ tí èèwọ̀ nìkan kò lè ṣe mọ́.

Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ní 1992, òfin gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀, nígbà tó sì di 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dí ni pé lójú Àdùnní, odò àti igi igbó náà kì í ṣe ẹrù ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́mìí ni wọ́n, ilé wọn ni igbó náà. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀: ìjọba ló ń tọ́jú igbó gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, àwọn ará Ecuador dìbò gba òfin tó fún ilẹ̀, odò àti igbó ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2009, Àdùnní kú ní Òṣogbo, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ewu gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Òfin mọ ibi tí igbó parí sí, ṣùgbọ́n òkè ni omi ti ń ṣàn bọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lágbègbè Ìjẹ̀ṣà da omi náà rú, ó pọ́n bí amọ̀, débi pé kí ọdún Ọ̀ṣun ti 2022 tó wáyé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu ún.

Ní New Zealand, òfin ti sọ odò Whanganui di ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ọdún 2017, ènìyàn méjì ni wọ́n sì yàn láti máa gbẹnu sọ fún un. Àwòrò àti Ìyá Ọ̀ṣun ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kò tíì fún odò náà ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n lè torí rẹ̀ dúró níwájú adájọ́.