Ìtàn Ìgbésí Ayé Humphry Davy

Àwọn ìyá tí wọ́n ń fi fìtílà alágolo pàtẹ ọjà lálẹ́ ní Ọjà'ba, n'Ìbàdàn àtijọ́, mọ̀ pé iná kékeré kò ṣeé fojú di. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ aráyé bí a ti í ká iná bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ni Humphry Davy.

Ìlú Penzance ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1778. Òun ni àkọ́bí ọmọ márùn-ún. Baba rẹ̀ kú ní 1794, wọ́n sì fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan. Ní 1801, ó dé Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1807, ó fi iná mànàmáná ṣàwárí potassium àti sodium, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ní ọdún 1812, ihò èédú kan ní Felling bú gbàmù, ènìyàn 92 sì kú. Nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kan máa ń jáde lára èédú; bí ó bá kan iná fìtílà, ó di jàǹbá. Bẹ́ẹ̀ ni awakùsà kò lè ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Ní 1815, wọ́n kó ọ̀ràn náà tọ Davy lọ. Ó rí i pé iná kì í lè gba inú ihò tóóró kọjá lára irin, nítorí irin a máa fa ooru rẹ̀ mu. Iná tí kò sì ní ooru mọ́ yóò kú. Ó wá fi ajọ̀ wáyà yí iná fìtílà ká. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ìmọ́lẹ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n iná kò lè jáde.

Davy kọ̀ láti gba ìwé àṣẹ tí ìbá sọ ọ́ di olówó lórí fìtílà náà. Síbẹ̀, jàǹbá kò tán pátápátá. Bí wáyà bá jẹrà, iná lè yọ. Àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn sì ń rán ènìyàn lọ sí ibi eléwu tí wọ́n ti ń sá fún tẹ́lẹ̀.

Ní 1820, ó di ààrẹ Royal Society. Ó kú ní Geneva ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1829.

Ìtàn yìí kọ́ wa pé ìmọ̀ a máa gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣẹ fún àìbìkítà.