Benjamin Waugh: Pásítọ̀ Greenwich tó gbèjà ọmọdé nínú ilé òbí wọn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń gbé Woolwich, Deptford tàbí Peckham, bí ẹ bá gba Crooms Hill kọjá ní Greenwich, ẹ ó rí àmì ìrántí kan lára ògiri ilé níbẹ̀. Benjamin Waugh ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bí olùkọ́ bá rí àpá lára ọmọ lónìí, tó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà.

Ìlú Settle ní Yorkshire ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1839. Bàbá rẹ̀ ń ṣe gàárì ẹṣin; ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun ṣì kéré. Ọmọ ọdún 14 ló wọṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò aṣọ kan, kó tó wá lọ kọ́ṣẹ́ pásítọ̀. Ní 1866, ìjọ Congregational kan ní Greenwich pè é wá.

Àwọn òtòṣì pọ̀ létí odò Thames nígbà náà. Ìdílé odindi lè máa gbé inú yàrá kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ má sí, kí ọtí sì wà. Ọmọ tó bá jí búrẹ́dì lè dèrò ẹ̀wọ̀n. Waugh dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọkùnrin ti ń kó bébà àlòkù jọ, tí wọ́n ń kun bàtà, kí wọ́n lè rówó jẹun. Ní 1873 ó kọ ìwé tako fífi ọmọdé sẹ́wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìta kọ́ ló burú jù fún àwọn ọmọ kan. Ilé ni. Láti 1822 ni òfin ti wà ní Bìrìtìkó tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá hùwà ìkà sí màlúù àti ẹṣin. Ọmọ kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ aláàbò ọmọdé sílẹ̀ ní New York, oníṣòwò kan láti Liverpool, Thomas Agnew, rí i níbẹ̀, ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nílùú rẹ̀ ní 1883. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Waugh àti òǹkọ̀wé Hesba Stretton wà lára àwọn tó dá ti London sílẹ̀. Òun ló di NSPCC ní 1889.

Ọdún 1889 yẹn náà ni òfin jáde. Ọlọ́pàá lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ wọ ilé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ. Ìyàwó lè jẹ́rìí nípa ọkọ. Ilé ẹjọ́ lè fi ọmọ náà sọ́dọ̀ ẹbí tàbí ẹlòmíì tó yẹ. Ẹ kíyè sí i o: òfin náà kò sọ pé kí òbí má bá ọmọ wí. Ìkà ló dè lọ́nà. Àwọn àgbà wa náà mọ ìyàtọ̀ yẹn, nítorí ọwọ́ òsì tó bá ọmọ wí ní ọwọ́ ọ̀tún tó ń fà á mọ́ra.

Àwọn kan rò pé ọmọ àwọn òbí wọn ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ gbà lọ. Ọ̀nà Waugh kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òbí ṣe ojúṣe rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ló ń wá. Ìkìlọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi yanjú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́, wọ́n á sì tún padà wá wò ó. Àwọn aládùúgbò, tálákà bíi tiwọn, tó ń gbọ́ igbe ọmọ láti ara ògiri, wà lára àwọn tó ń pè wọ́n. Igba ojú ló ń wo ọmọ, ní London náà. Waugh kò sì gbà pé ìwà ìkà jẹ́ ti tálákà nìkan.

Ó tún gbógun ti ìbánigbófò lórí ẹ̀mí ọmọ wẹ́wẹ́, nítorí ó ń bẹ̀rù pé owó òkú ọmọ lè wọ àwọn òbí kan lójú. Ní 1897 wọ́n fẹ̀sùn kan ìnáwó ẹgbẹ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì dá a láre. Ó fẹ̀yìntì ní 1905, ó kú ní 1908.

Scotland fòfin de lílu ọmọ pátápátá ní 2020, Wales ní 2022. Ní England tí Waugh ti ṣiṣẹ́, àyè tí òfin 1889 fi sílẹ̀ fún òbí láti bá ọmọ wí ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.